Ìyá Alágbàfọ̀ Ti Di Onígìtá

Àkọ́bí mi, ọkọ mi, baba mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ẹsẹ̀ òsì tó máa ń dùn ọ́ tí òjò bá fẹ́ rọ̀ ńkọ́? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé yìí pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbi tí o wà. O ò ní ṣìnà, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní ṣìnà, dẹ́rẹ́bà tó ń wà á kò ní sùn lójú ọ̀nà, torí bí òun bá sùn kò sí bí ìwọ ṣe fẹ́ dé ibi tí ò ń lọ. Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́. Àmín. Èmi náà wà, mo dúpẹ́, ara mi le ju bí wọ́n ṣe sọ fún ọ lọ, ìyẹn gan-an ló sì mú mi jókòó kọ ìwé yìí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí o pè mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da èédú sínú áyọ́ọ̀nù ni. Bí mo ṣe rí i pé ìwọ ni, inú mi dùn débi pé mo gbé fóònù sétí ní ìdojúdé, mo ń kí ọ, o ò gbọ́, ò ń pariwo Màmá, Màmá, ìgbà tó yá ni mo tó yí i padà. Kí n tó béèrè àwọn ọmọ, o ti ní ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní kò sẹ́nì kankan. O ní ta wá ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́? O ní wọ́n ti sọ fún ọ pé mò ń dá sọ̀rọ̀, pé mò ń fi ẹsẹ̀ jan ilẹ̀ nínú yàrá, pé mo ń ki ọwọ́ kan bọ ọ̀rá kí n tó fọṣọ, pé mo dá èékánná sí lọ́wọ́ kan bí ẹyẹ, pé mò ń ka nǹkan, kì í sì í ṣe orí ení ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. O ní kí n má jáde lọ síbì kankan, o ti gba àyè níbi iṣẹ́, ọjọ́ Sátidé lò ń bọ̀ wá mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń yẹ orí wò. Kí n tó la ẹnu, o ti pa fóònù.

Ọmọ mi, mi ò ya wèrè. Gìtá ni mò ń kọ́.

Mo mọ ẹni tó sọ fún ọ, mi ò sì bínú sí i. Télọ̀ ọ̀ọ́kán ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-Sọ-Fún-Ẹnìkan, torí bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, kó sì tó di ọ̀sán gbogbo wa á ti gbọ́. Fèrèsé mi ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí, tí mo bá sín, òun ló ń kí mi. Èmi náà ni mo fún un ní nọ́ńbà rẹ. Nígbà tí mo lọ gba káàdì nílé ìwòsàn, ọmọbìnrin tó jókòó sídìí fọ́ọ̀mù bi mí pé ta ló sún mọ́ mi jù. Mo ní télọ̀ ọ̀ọ́kán ni, ṣebí títì nìkan ló là wá láàárín. Ó ní rárá, ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣe mí ni òun ń wí. Mo ní òun náà ni, torí òun ló máa kọ́kọ́ gbọ́ tí mo bá kígbe. Ó bi mí pé ṣé mi ò bímọ ni. Mo ní mo bí, mo bí ọkùnrin gidi, àmọ́ ibi tó wà jìnnà díẹ̀. Ló bá kọ orúkọ télọ̀ síbẹ̀, ó wá ń wo ojú mi, mi ò mọ ohun tó ń wò. Látìgbà tí télọ̀ ti gbọ́ pé orúkọ òun wà nínú ìwé ìjọba, ó ní iṣẹ́ ti délẹ̀ nìyẹn, òun gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ọmọ.

Kí n tó dé orí gìtá, jẹ́ kí n fún ọ ní ìròyìn ilé. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò. Mo gbé báàfù sábẹ́ rẹ̀, omi tó ń kán sínú rẹ̀ ni mo sì fi ń fọ aṣọ funfun, omi òjò kì í jẹ ọṣẹ, nítorí náà má dààmú. Ilẹ̀kùn iwájú ti wú, èjìká ni mo fi ń tì í. Báńkì sì kí mi kú ọjọ́ ìbí o! Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ kùtù sórí fóònù tí o rà fún mi, pẹ̀lú àwòrán òdòdó, wọ́n ní inú àwọn dùn pé mo jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí àwọn. Èmi! Èmi tí mi ò ní ju èyí tí ò ń fi ránṣẹ́ lọ níbẹ̀. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ búlúù tí mo fi ń ròde, mo ra búrẹ́dì ńlá kan, mo gbé e lọ bá wọn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ta ni mo wá rí, mo ní ẹni tó kí mi ni. Ó wọlé, ó jáde, ó ní Màmá, ẹ̀rọ ló ń kí èèyàn. Mo ní kó kúkú bá mi gbé búrẹ́dì náà fún ẹ̀rọ, kó sọ fún un pé mo dúpẹ́, pé òun nìkan ló rántí. Mi ò fi ìyẹn bá ọ wí o. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀.

Ó wá ku gìtá. Ṣé o rántí olùkọ́ ìṣirò tí mo ní ó gba yàrá ẹ̀yìn lẹ́yìn tí o lọ? Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í jáde láàárọ̀ láì kí mi. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ míì, ọjọ́ tó ń kó ẹrù, dẹ́rẹ́bà yarí pé òun ò ní gbé àpótí olókùn yẹn mọ́ ọn, ló bá ní Màmá, ẹ máa lò ó. Mo rẹ́rìn-ín títí. Kí ni alágbàfọ̀ fẹ́ fi gìtá ṣe? Mo fi í ti ẹsẹ̀ tábìlì ìlọṣọ, hángà ni mo ń fi kọ́ ọrùn rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí mo fi gbàgbé pé nǹkan tó ń dún ni. Olùkọ́ lọ, yàrá ẹ̀yìn ṣófo, kò sẹ́ni tó tún gbà á, torí omi tó ń jò.

Ṣé o mọ bí mo ṣe máa ń wọ́n omi sáṣọ kí n tó lọ̀ ọ́. Èmi kì í fẹnu fọ́n ọn bí àwọn kan, ìwà ọ̀bùn nìyẹn. Ọwọ́ ni mo ń lò: màá ki ìka bọ omi, màá ká wọn mọ́ àtẹ́lẹwọ́, màá wá tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kékeré ló ń ṣíwájú, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e, fàràrà! Omi á tú ká sórí aṣọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìgbà tí mo ṣì wà lọ́mọge ni ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀, mi ò sì ṣe é lọ́nà míì rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo fẹ́ wọ́n omi sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, gìtá ti yọ̀ láti ìdí tábìlì wá sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi, ni ìka mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gba orí okùn kọjá. Háà! Ọmọ mi, ohùn tó jáde lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí nínú ilé yìí. Ó kún yàrá, ó wá ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Mo tún un ṣe. Mo tún tún un ṣe. Ìgbà tí n ó fi mọ̀, òórùn ti gba imú mi, áyọ́ọ̀nù ti jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì, ó ti ya àwòrán ara rẹ̀ sí i lẹ́yìn.

Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkòríta ló ni ṣẹ́ẹ̀tì. Ó fi ìbínú wọlé, ó ní èmi tí aṣọ kì í jóná lọ́wọ́ mi, kí ló dé? Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ọwọ́ mi ni mò ń gbọ́. Ó ní báwo ni èèyàn ṣe ń gbọ́ ọwọ́? Mo bá gbé gìtá lé orí tábìlì, mo ṣe é fún un, fàràrà, bí ẹni ń wọ́n omi. Ó gbàgbé ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí n tún un ṣe. Ó ní Màmá, àwọn kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń ta gìtá nìyẹn, fílámẹ́ńkò lorúkọ rẹ̀. Ó gba fóònù mi, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ní òun ti mú olùkọ́ wá fún mi.

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Bàbá àgbàlagbà kan ni olùkọ́ náà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó jókòó sórí àga onígi, ó fi ẹsẹ̀ kan lé ìkejì. Èdè rẹ̀ ò yé mi, mi ò sì rò pé tèmi yé e, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ yé mi dáadáa. Ìgbà tó kọ́kọ́ yọjú, aṣọ ìnura ni mo ró, ìtìjú bò mí, mo sáré wọ yàrá. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kó bá mi láìmúra mọ́. Láràárọ̀ màá kúnlẹ̀, màá ní ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ẹ sùn dáadáa, ilé ńkọ́, òun náà á mi orí, á rẹ́rìn-ín, á sọ tirẹ̀. Tí oúnjẹ bá délẹ̀, ṣé mo wá lè máa jẹun lójú àgbàlagbà kí n má fi lọ̀ ọ́ ni? Màá ní sà, ẹ wá jẹun. Kò jẹ ẹ́ rí. Mo rò pé ó máa ń jẹun kó tó kúrò nílé. Ọjọ́ tí mo ń rọ̀ ọ́ pé kó kàn tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, kó má fi mí ṣe òǹrorò, ni télọ̀ yọjú lójú fèrèsé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lóminú.

Ohun kan ṣoṣo tí mo rí bá olùkọ́ mi wí ni ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Dúdú kan náà ló ń wọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kọ́là rẹ̀ sì rún kọjá ohun tí ojú mi lè gbà. Mo ní kó bọ́ ọ sílẹ̀ fún mi, tàbí kó mú un bọ̀ lọ́la, mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mú un wá. Ó hàn pé kò sí obìnrin nílé rẹ̀. Èmi náà ò kúkú ní ọkùnrin nílé tèmi. Má gbé e gba ibòmíì o, mo kàn wí i ni.

Àmọ́ kò sí olùkọ́ tó ní sùúrù bíi tirẹ̀. Tí mo bá ṣi okùn dì mú, kò ní bá mi jà, kò ní ní orí mi le. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ lánàá gan-an, ohùn rẹ̀ ò ní le sí i. Atúnfóònù ní àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá yìí kún ìlú, pé wọ́n ju gbogbo èèyàn àdúgbò wa lọ lọ́nà púpọ̀. Ẹnu yà mí, torí nínú gbogbo èrò yẹn, èmi ló máa ń kọjú sí. Ọjọ́ kan ni atúnfóònù náà fẹ́ bà mí lọ́kàn jẹ́, ó ní Màmá, bàbá yìí ò rí yín o. Mo ní ta wá ló ń rẹ́rìn-ín sí?

Nígbà míì, tó bá ń kọ́ mi lọ́wọ́, á dákẹ́ ṣáá, nǹkan róbótó kan á máa yí lójú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ronú ni, mo dúró dè é pẹ̀lú ọ̀wọ̀ títí iná áyọ́ọ̀nù fi kú. Atúnfóònù ló ṣàlàyé pé dátà ló tán, pé dátà ló ń gbé e wá. Ìgbà yẹn ló yé mi. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ni. Mo ti ń ṣe kàyéfì tẹ́lẹ̀ pé kí ló ń jẹ́ kí owó orí fóònù mi máa yá tán tó bẹ́ẹ̀, àṣé ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀ láràárọ̀, tó tún ń padà sílé!

Ọ̀rọ̀ èékánná, òótọ́ ni. Ti ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ gùn torí òun ló ń ha okùn, ti òsì gbọ́dọ̀ kúrú torí òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ṣé èékánná lè dúró lọ́wọ́ ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wà nínú omi ọṣẹ? Ó ń rọ̀, ó ń ya. Mo bá ra ọ̀rá, mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́, mo fi rọ́bà dì í lọ́rùn ọwọ́, ọwọ́ òsì ni mo wá fi ń fọṣọ jù. Àwọn oníbàárà wò mí bí ẹni pé mo ní kúrúnà. Atúnfóònù ní gúlùù ni àwọn onígìtá ń fi mú un le, mo bá da gúlùù sí i, ìka ìfábẹ̀lá lẹ̀ mọ́ ìka àárín, gírí! Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi wà pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó. Télọ̀ ló fi omi gbígbóná yọ wọ́n, ó ń yọ wọ́n, ó ń mi orí, ó ní ọ̀rẹ́ mi, kí ló ṣe ọ́? Mo fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ó dà bíi pé ẹ̀rín yẹn ló bà á lẹ́rù jù.

Òótọ́ sì ni pé mò ń kà á láti orí èjìlá. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ka orin náà nìyẹn: èjìlá á ṣíwájú, ení á wá tẹ̀ lé e, èjì, ẹ̀ta, tí ẹ̀ta bá ti dé èèyàn á fẹsẹ̀ jan ilẹ̀. Mo bi olùkọ́ pé kí ló dé tí èjìlá fi ń ṣíwájú ení. Ó kàn tún un kà ni. Mo rò pé níbi tó ti wá, àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí.

Èyí tí télọ̀ ò sọ fún ọ, torí ojú tì í láti sọ ọ́, èmi á sọ ọ́. Mò ń ta gìtá fún àwọn ṣẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá ti lọ aṣọ tán nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ni mo ń fi kọ́ sórí okùn yí yàrá ká, ti dẹ́rẹ́bà, ti àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́, ti ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tó sanra, gbogbo wọn á kọjú sí mi, apá wọn nílẹ̀. Mo bá gbé àga sáàárín, mo ta á fún wọn. Mo kí wọn káàbọ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé ó dùn. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lọ́jọ́ kan, ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ sì gbé apá sókè, mo dìde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí orí télọ̀ lójú fèrèsé, ó la ẹnu sílẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀.

Àkọ́bí mi, ilé yìí ti dákẹ́ jù. Kí ni mo fẹ́ máa fi pamọ́ fún ọ? Látìgbà tí bàbá rẹ ti kú, tí ìwọ náà ti lọ, tí oníbàárà ìkẹyìn bá ti gba aṣọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá mi sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà míì mo máa ń jẹ́ kí omi máa hó lórí iná, mi ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan, kí nǹkan ṣáà máa dún ni. Ó wù mí kí ẹnì kan bi mí pé kí ni mo jẹ. Tí o bá fi owó ránṣẹ́, fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, màá sáré, màá rí i pé owó ni. Mo dúpẹ́ owó o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó tán lọ́wọ́ rẹ.

Ohùn gìtá yìí wá yàtọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ tí bàbá yẹn ta á dópin, mo sunkún bí ọmọdé, mi ò mọ ohun tó pa mí lẹ́kún. Ó dà bí ìyá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, tó ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé, tí ọmọ ò tíì dáhùn. Mo ní ẹni tó ṣe orin yìí mọ̀ mí. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti gbé gìtá lé itan, ìka mi á wí tirẹ̀, okùn á dá a lóhùn, ó dà bíi pé a pé méjì nínú ilé. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè dàgbà tó báyìí kí nǹkan tún wá wù ú. Tí mo bá jí, kí n tó rántí orúnkún tó ń dùn mí, gìtá ni mo ń rántí. Mo ń yára fọṣọ nítorí rẹ̀. Inú mi ń dùn, ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti lè kọ ìyẹn sínú ìwé.

Wàyí o, mo sọ fún télọ̀ pé ò ń bọ̀ ní Sátidé. A jọ yọ̀, ó tilẹ̀ bá mi gbá ẹ̀yìnkùlé. Àmọ́ nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ̀wé ṣàlàyé fún ọ, ó fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀. Ó ní ṣé orí mi pé lóòótọ́ báyìí? Ó ní nígbà tí òrùlé ń jò mo pè ọ́, o ní iṣẹ́. Nígbà tí ọdún parí mo pè ọ́, o ní iṣẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi wú, o fi owó ránṣẹ́, owó dé, ìwọ ò dé. Ó ní wèrè nìkan ló tó gbé ọ dìde níjòókòó, mo wá fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ̀wé pé mi ò ya wèrè. Ó ní kí n dákẹ́, kí n máa jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ títí di Sátidé, tí o bá ti wọlé, tí o ti jókòó, tí o ti bọ́ bàtà, kí n wá sọ fún ọ. Ó ní òun tilẹ̀ lè tún pè ọ́ kí òun bù díẹ̀ kún un.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo rò ó gan-an. Mo sùn lé e lórí. Àmọ́ mo rí ojú rẹ nínú ọkọ̀, o ò jẹun, ò ń ronú pé ìyá mi ti ya wèrè, bóyá kò ní dá mi mọ̀. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ. Ni mo fi mú bíró, màá fún dẹ́rẹ́bà tó ń ná ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín ní ìwé yìí láàárọ̀ ọ̀la kó lè dé ọwọ́ rẹ ṣáájú Sátidé. Orí mi pé. Mo mọ orúkọ gbogbo ọmọ rẹ, mo mọ oníṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, mo mọ ọjọ́ tí o wá kẹ́yìn.

Tí o bá máa wá, okùn gìtá tó tín-ín-rín jù ti já, wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti ń tà á, bá mi rà á. Owó ọkọ̀ olùkọ́ mi ti fẹ́ẹ̀ tán, bá mi fi nǹkan sí i, má jẹ́ kó rìn wá. Tí owó bá ṣẹ́ kù, kí káfíńtà bá wa wo òrùlé. Kó o sì kó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ tó dọ̀tí wá, gbogbo rẹ̀, má gbé e fún àwọn onímáṣíìnì yẹn, màá fọ̀ ọ́, màá lọ̀ ọ́ fún ọ kó o tó padà. Mi ò ní jẹ́ kí gìtá dí ọ lọ́wọ́ oorun. Orin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ délẹ̀, kò gùn, kò tó àkókò tí èèyàn fi ń mu ife tíì kan tán. Jókòó gbọ́ ọ, tàbí kó o dúró, bó bá ṣe wù ọ́. Tí kò bá dùn, sọ fún mi. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì kì í sọ nǹkan kan.

Ọlọ́run á bá mi tọ́jú rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní jó mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ rẹ kò ní jìnnà sí ọ nígbà tí irun rẹ bá funfun, wọ́n á máa já wọlé láìsọ fún ọ, wọ́n á máa dà ọ́ láàmú, wọ́n á máa béèrè oúnjẹ. Ilé rẹ á máa dún. Bá mi kí ìyàwó wa, sọ fún un pé mi ò bínú, àwòrán àwọn ọmọ tó fi ránṣẹ́ wà lórí fóònù, olùkọ́ mi náà ti rí i.

Ó ku ohun kan kí n tó lẹ àpòòwé pọ̀. O ní ibi iṣẹ́ fún ọ láyè torí pé ìyá rẹ ya wèrè. Mo ń bẹ̀ ọ́, tó bá jẹ́ pé wèrè nìkan ni wọ́n ń torí ẹ̀ fún èèyàn láyè níbẹ̀, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbọ́ pé ara mi le wọ́n á gba Sátidé yẹn padà lọ́wọ́ rẹ, má ka ìwé yìí sí wọn létí. Sọ fún wọn pé mo ti ya wèrè. Tí wọ́n bá ní àfi kí n fọwọ́ sí i, mo ti fọwọ́ sí i síbí yìí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.